Fọ́tò Ilẹ̀ Wa: Ẹ Tún Un Ṣe, Kí Ẹ Sì Padà Lọ

  

Ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá lónìí kan gbogbo ẹni tó ní fóònù tó ní kámẹ́rà lọ́wọ́, ó sì kan àwọn ayafọ́tò tó ń fi iṣẹ́ náà jẹun. Ọ̀rọ̀ fọ́tò ilẹ̀ wa ni: òkè, odò, igbó, ẹranko àti ojú ọ̀run. Ọ̀nà méjì ni irú fọ́tò bẹ́ẹ̀ fi ń dára sí i. Èkíní, ká jókòó tì í, ká tún un ṣe lórí fóònù tàbí kọ̀ǹpútà, èyí tí àwọn ọmọ iṣẹ́ ń pè ní ẹ́díìtì. Èkejì, ká tún padà lọ síbi tí a ti yà á. Ọ̀pọ̀ wa ló ti mọ èkíní dáadáa, àmọ́ a kì í náání èkejì. Bẹ́ẹ̀, iṣẹ́ méjèèjì ń ran ara wọn lọ́wọ́. Ẹ́díìtì ló ń sọ ohun tó kù nínú fọ́tò fún wa. Ẹsẹ̀ wa ló máa gbé wa lọ wá a.

Ẹ jẹ́ ká fi Òkè Ìdànrè, ní ìpínlẹ̀ Oǹdó wa, ṣe àpẹẹrẹ. Láti Alágbàká nílùú Àkúrẹ́, ìrìn náà fi díẹ̀ lé ní 20 kìlómítà. Àwọn baba ńlá àwọn ará Ìdànrè gbé orí òkè náà fún ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún kí wọ́n tó sọ̀kalẹ̀ wá sísàlẹ̀ ní ọ̀rúndún tó kọjá. Ààfin àtijọ́ Ọwá, ọba Ìdànrè, ṣì wà lókè níbẹ̀, ojú ẹsẹ̀ Agbóògùn tó wà lára àpáta àti omi tí wọ́n ń pè ní Omi Àpáàrá náà wà níbẹ̀. Láti ọdún 2007 ni òkè yìí ti wà lára àwọn ibi tí Nàìjíríà fẹ́ kí àjọ UNESCO kà mọ́ ogún gbogbo ayé. Àtẹ̀gùn tí èèyàn máa gùn débẹ̀ lé ní 600. Ẹni tó bá gùn ún tán, tó bojú wolẹ̀, kò ní ṣàì gbé fóònù sókè.

Ká wá ní ẹnì kan gùn ún lóṣù kìíní, nígbà ọyẹ́. Aago kan ọ̀sán ló dé òkè. Ó ya àwọn òkè tó wà ní òdìkejì àfonífojì, pẹ̀lú igbó àti òrùlé àwọn ilé tó wà nísàlẹ̀. Ohun tó rí jọ ọ́ lójú gan-an. Àmọ́ nígbà tó délé, tó ṣí fọ́tò náà, ojú ọ̀run funfun gbòò, òkè rí pẹlẹbẹ, igbó dúdú mọ́ra wọn, tí ewé kan kò yàtọ̀ sí èkejì. Kí ló fà á? Ojú èèyàn yára: bó ṣe ń kúrò níbi títàn bọ́ síbi dúdú ló ń bá ìmọ́lẹ̀ ibẹ̀ mu. Kámẹ́rà gbọ́dọ̀ mú gbogbo rẹ̀ pọ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Tó bá ṣe ti ọ̀run, igbó á dúdú. Tó bá ṣe ti igbó, ọ̀run á fò lọ.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká jókòó ti fọ́tò náà. Ẹ kọ́kọ́ ṣe ẹ̀dà rẹ̀, kí ẹ fi ojúlówó pamọ́, ẹ̀dà yẹn ni kí ẹ máa ṣiṣẹ́ lé lórí. Snapseed wà fún fóònù lọ́fẹ̀ẹ́, Lightroom sì wà fún ẹni tó bá fẹ́ lo kọ̀ǹpútà. Èyí tó bá wù yín lẹ lè lò.

Ohun tí ẹ máa kọ́kọ́ wò ni bóyá fọ́tò náà dúró dáadáa. Lórí òkè, kò sí ojú omi tó tẹ́jú tí èèyàn lè fi wọ̀n ọ́n, àwọn òkè fúnra wọn sì máa ń dà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́. Ẹ wá ohun tó dúró ṣánṣán nínú fọ́tò náà, bóyá ògiri ààfin àtijọ́ ni o, bóyá òpó iná ni, kí ẹ fi tún ìdúró rẹ̀ ṣe. Lẹ́yìn náà, ẹ gé etí rẹ̀. Ẹ bi ara yín pé: níbo ni mo fẹ́ kí ojú ẹni tó ń wò ó kọ́kọ́ bà lé? Tó bá jẹ́ orí òkè ni, kí ni ìdajì fọ́tò tó jẹ́ ọ̀run funfun lásán ń ṣe níbẹ̀? Ẹ gé e dànù.

Ìmọ́lẹ̀ ló kàn. Ẹ gbé àwọn ibi tó dúdú sókè díẹ̀ títí ewé á fi yàtọ̀ sí ewé. Ẹ rẹ àwọn ibi tó ń tàn sílẹ̀ díẹ̀ títí ara àpáta á fi hàn, tí ẹ ó fi rí àwọn ìlà dúdú tí omi òjò ti fà sí i lára láti òkè dé ìsàlẹ̀. Àwọn ìlà yẹn ló ń jẹ́ kí ẹni tó ń wo fọ́tò mọ̀ pé òkúta ńlá nìyí, pé òjò ti ń rọ̀ lé e lórí láti ayébáyé.

Ẹ ṣọ́ra pẹ̀lú àwọ̀. Nínú oko kòkó Ìdànrè, ewé tó ṣẹ̀ṣẹ̀ rú máa ń pọ́n díẹ̀, èyí tó ti gbó dúdú mìnìjọ̀, koríko ẹ̀bá ọ̀nà sì ti gbẹ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Tí ẹ bá fa àwọ̀ sókè jù, gbogbo wọn á di àwọ̀ ewé kan náà, irú èyí tí kò sí nínú igbó kankan. Irinṣẹ́ tó ń ká kùrukùru kúrò náà ńkọ́? Ó wúlò, àmọ́ tí ẹ bá lò ó jù, ẹ máa rí ìlà funfun kan tó yí etí òkè ká, bíi pé ẹnì kan fi àlùmọ́gàjí gé òkè náà, tó sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ ojú ọ̀run. Ibẹ̀ ni kí ẹ dá ọwọ́ dúró. Ọyẹ́ náà jẹ́ ara ohun tó wà níbẹ̀ lọ́jọ́ yẹn. Ẹ má lé gbogbo rẹ̀ lọ.

Ìmọ̀ràn kan tún rèé fún ẹ̀yin tí ẹ máa ń ṣe ẹ́díìtì lóru. Nínú yàrá tó ṣókùnkùn, ojú fóònù máa ń tàn ju bó ṣe yẹ lọ, ẹ ó sì máa rẹ ìmọ́lẹ̀ fọ́tò náà sílẹ̀ láìmọ̀. Tí ẹ bá tẹ̀ ẹ́ sórí ìwé lọ́jọ́ kejì, á dúdú kirikiri. Ẹ jẹ́ kí ilẹ̀ mọ́, kí ẹ tún un wò lójúmọmọ, kí ẹ tó sọ pé ó ti parí. Tí ẹ bá sì fẹ́ fi ránṣẹ́ sí oníbàárà lórí WhatsApp, ẹ fi ránṣẹ́ bíi fáìlì ìwé, torí WhatsApp máa ń fún fọ́tò pọ̀ tí yóò fi pàdánù nínú ẹwà rẹ̀.

Iṣẹ́ tí mo kà sílẹ̀ yìí máa mú kí fọ́tò náà sàn dáadáa. Síbẹ̀, ọ̀run rẹ̀ á ṣì funfun. Ní ọ̀nà JPEG tí ọ̀pọ̀ fóònù fi ń tọ́jú fọ́tò, ìpele ìmọ́lẹ̀ 256 ló wà fún àwọ̀ kọ̀ọ̀kan. Ibi tó bá ti dé ìpele tó ga jù lọ, kò sí ohunkóhun tí a kọ síbẹ̀ mọ́ ju funfun lọ. Ẹni tó bá fi RAW, ìyẹn ọ̀nà tó ń tọ́jú ohun tí kámẹ́rà rí bó ṣe wà, yà á ní ààyè jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí ìpele rẹ̀ pọ̀ ju ti JPEG lọ, àmọ́ RAW náà kò lè mú ìkùukùu tí kámẹ́rà kò rí jáde. Télọ̀ tó mọṣẹ́ lè fún aṣọ tó tóbi, ó lè ṣẹ́ etí rẹ̀ kó gún régé, àmọ́ kò lè fi ọ̀pá aṣọ tí a kò rà kún un.

Nítorí náà, nígbà tí ẹ bá ń ṣe ẹ́díìtì, ẹ mú bébà sí ẹ̀gbẹ́ yín. Gbogbo ibi tí ọwọ́ yín bá ti ń fa nǹkan tí kò fẹ́ wá, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Fún fọ́tò tiwa yìí, mẹ́ta ni mo rí. Òkè kò ní òjìji, ìdí nìyẹn tó fi rí pẹlẹbẹ. Ọ̀run kò ní ìkùukùu. Ibi tí ayafọ́tò dúró sí kò sì jẹ́ kí ohunkóhun wà nítòsí tí a lè fi mọ bí òkè náà ṣe tóbi tó. Ohun mẹ́ta yẹn, orí òkè ni wọ́n wà. Wọn kò sí nínú fóònù.



Ìgbà wo ló yẹ ká padà lọ? Ní ilẹ̀ tiwa, oòrùn máa ń yọ láàárín aago mẹ́fà kọjá ogún ìṣẹ́jú sí aago méje àárọ̀, ó sì máa ń gòkè tààrà. Ìmọ́lẹ̀ pupa rẹ́súrẹ́sú tó máa ń pẹ́ nílẹ̀ ní ìlú òyìnbó, kì í pẹ́ lọ́dọ̀ wa. Kó tó di ìyálẹ̀ta, ó ti lọ. Tí oòrùn bá ti wà lókè orí, òjìji á sá pamọ́ sábẹ́ nǹkan, gbogbo ara òkè á rí bákan náà. Ìgbà tó le jù ni nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kejì oṣù kẹrin àti ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹsàn-án, torí nígbà yẹn, lọ́sàn-án gangan, oòrùn ń dúró sókè orí wa gan-an ní Àkúrẹ́. Nítorí náà, òwúrọ̀ kùtù tàbí ìrọ̀lẹ́ ni kí ẹ padà lọ. Nígbà yẹn, oòrùn á máa ti ẹ̀gbẹ́ wá, gbogbo kòtò àti gegele ara àpáta á hàn, òkè tó rí pẹlẹbẹ yẹn á sì yọ jáde.

Ohun mìíràn wà tí ọ̀pọ̀ èèyàn kì í fiyè sí. Ibi tí oòrùn ti ń yọ máa ń yí padà láàárín ọdún. Lóṣù kejìlá, ó máa ń fi sí apá gúúsù. Lóṣù kẹfà, ó máa ń fi sí apá àríwá. Ẹ̀gbẹ́ òkè tó ń gba ìmọ́lẹ̀ àárọ̀ nígbà Kérésìmesì lè wà nínú òjìji tó bá di oṣù kẹfà. Torí náà, ẹni tó bá lọ lẹ́ẹ̀kan, tó ní òun ti mọ Òkè Ìdànrè, ẹ̀gbẹ́ kan ló mọ̀.

Ìgbà òjò àti ẹ̀ẹ̀rùn náà ní tiwọn. Eruku tí ọyẹ́ ń gbé bọ̀ láti aṣálẹ̀ Sàhárà máa ń bo ọ̀nà jíjìn mọ́ wa lójú láti oṣù kejìlá dé oṣù kejì. Àwọn òjò àkọ́rọ̀ á wá fọ ojú sánmà, ẹ ó sì máa rí òkè tó wà lẹ́yìn òkè. Nígbà òjò, ìkùukùu ńlá-ńlá máa ń wà lọ́run, òjìji wọn á sì máa rìn kọjá lórí igbó. Àpáta á tutù, á dúdú, á máa dán. Tí òjò bá rọ̀ mọ́jú, kùrukùru á sùn sínú àfonífojì ní òwúrọ̀. Ibi kan náà ni o, àmọ́ fọ́tò rẹ̀ kò jọra.

Ansel Adams ará Amẹ́ríkà, tó gbáyé láti ọdún 1902 sí 1984, jẹ́ ká rí bí iṣẹ́ méjèèjì ṣe ń rìn pọ̀. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlá ni nígbà tó kọ́kọ́ dé àfonífojì Yosemite lọ́dún 1916, tòun ti kámẹ́rà kékeré lọ́wọ́, kò sì dẹ́kun àtipadà síbẹ̀ ní gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀. Lọ́dún 1941, ó ya fọ́tò òṣùpá tó ń yọ lókè abúlé Hernandez, ní ìpínlẹ̀ New Mexico. Ẹ̀ẹ̀kan péré ló rí i yà kí ìmọ́lẹ̀ tó lọ. Ó wá ń tẹ fọ́tò náà jáde fún ọ̀pọ̀ ọdún, bí ọdún sì ṣe ń gorí ọdún ló ń mú kí ojú ọ̀run rẹ̀ dúdú sí i, tí òṣùpá àti àwọn àgbélébùú inú itẹ́ òkú fi ń tàn jáde. Kò fi ohunkóhun kún un. Ohun tó wà níbẹ̀ ló ń wá bó ṣe máa jẹ́ káyé rí i. Ẹni tó ti padà sí ibì kan léraléra ló lè mọ̀, lójú ẹsẹ̀, pé ìmọ́lẹ̀ tí òun rí yìí ṣọ̀wọ́n.

Nílé níhìn-ín pẹ̀lú, ìpadàbọ̀ ti fi ohun ńlá hàn wá. Ọ̀pọ̀lọ́ kan wà tó jẹ́ pé Òkè Ìdànrè nìkan la ti mọ̀ ọ́n ní gbogbo ayé. Lọ́dún 1963 ni onímọ̀ Arne Schiøtz ṣàpèjúwe rẹ̀ fáyé, wọ́n sì fi orúkọ onímọ̀ mìíràn, Perret, pè é. Lẹ́yìn náà, ó lé ní 40 ọdún tí àwọn onímọ̀ kò gbúròó rẹ̀, àwọn kan sì lè rò pé ó ti run. Lọ́dún 2013, àwọn olùwádìí padà gun òkè náà, wọ́n sì bá a níbẹ̀, tó ń gbé lórí àpáta tó tutù bó ṣe ń gbé tẹ́lẹ̀. Àwọn àgbà ní àìrìn jìnnà ni àìrí abuké ọ̀kẹ́rẹ́. Èmi á fi kún un pé àìpadà pẹ̀lú kì í jẹ́ ká rí ohun tó wà nítòsí. Àìmọye èèyàn ló ti fi àtẹ̀gùn yẹn gòkè, tí wọ́n ya ara wọn ní fọ́tò, tí wọn kò sì bẹ̀rẹ̀ wo ẹsẹ̀ àpáta rí.

Ọ̀rọ̀ òtítọ́ wá kàn, mo sì fẹ́ kí ẹ̀yin ọ̀dọ́ gbọ́ èyí dáadáa. Fóònù òde òní lè pa èèyàn rẹ́ nínú fọ́tò, ó lè yọ ọ̀run kan kúrò, kó fi òmíràn dí i. Tó bá jẹ́ káàdì ìpè sí ìgbéyàwó, ẹ ṣe bó bá ṣe wù yín. Àmọ́ tí ẹ bá sọ fáyé pé Òkè Ìdànrè nìyí, kí ó jẹ́ Òkè Ìdànrè. Lọ́dún 2018, ilé àkójọ ohun àdáyébá ìlú Lọ́ńdọ̀nù tó ń ṣe ìdíje fọ́tò ẹranko gba ẹ̀bùn tí wọ́n fún ayafọ́tò kan padà, nígbà tí àwọn onímọ̀ yẹ fọ́tò rẹ̀ wò, tí wọ́n rí i pé ẹranko tó pè ní alààyè, òkú tí wọ́n fi nǹkan kún inú rẹ̀ ni. Fọ́tò náà rẹwà o, àmọ́ irọ́ ni. Ní tiwa, ohun tí a sábà máa ń fẹ́ pa rẹ́ ni ọ̀rá pure water tó wà nílẹ̀ níwájú òkè. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi ẹ́díìtì pa á rẹ́. Ẹ bẹ̀rẹ̀, ẹ fi ọwọ́ ṣà á, kí ẹ tó ya fọ́tò. Ẹni tó bá gòkè tẹ̀lé yín á bá ibẹ̀ ní mímọ́, fọ́tò yín á sì jẹ́ òtítọ́.

Ìdí pàtàkì tí mo fi ń tẹnu mọ́ ìpadàlọ ni pé ilẹ̀ yìí ń yí padà lójú wa. Ẹ wo Ayétòrò ní Ìlàjẹ, ìlú tí àwọn ará ìjọ Àpọ́sítélì Mímọ́ tẹ̀ dó lọ́dún 1947. Òkun ti gba ilé, ó ti gba ilé-ẹ̀kọ́ lọ́wọ́ wọn, ó sì ń bọ̀ síwájú. Fọ́tò etíkun yẹn kan ṣoṣo, ẹwà omi la máa fi rí. Ṣùgbọ́n fọ́tò méjì tí a yà láti ojú kan náà lọ́dún tó yàtọ̀ síra, ẹ̀rí ni, kò sì sí ìjòyè tàbí òṣìṣẹ́ ìjọba tó lè jiyàn rẹ̀. Ẹ tún wo igbó ọba Àkúrẹ́. Láti àárín àwọn ọdún 1930 ni wọ́n ti ya hẹ́kítà 32 sọ́tọ̀ níbẹ̀, èyí tí wọ́n ń pè ní Queen's Plot, pé kí ẹnikẹ́ni má gé igi nínú rẹ̀. Àwọn olùwádìí ń padà lọ wọn àwọn igi ibẹ̀, ìyẹn ló sì jẹ́ ká mọ bí igbó wa ṣe rí kí ayùn tó wọ̀ ọ́. Ẹ̀yin oníkámẹ́rà lè ṣe irú iṣẹ́ yẹn pẹ̀lú.

Báwo lẹ ṣe máa ṣe é? Ẹ tan ibi tí fóònù ti ń ṣàkọsílẹ̀ ojú ibi tí a ti ya fọ́tò. Ẹ fi òkúta kan tàbí igun ògiri kan sọ́kàn bí ibi tí ẹ dúró sí. Lọ́jọ́ tí ẹ bá padà, ẹ ṣí fọ́tò àkọ́kọ́, ẹ gbé e sókè, ẹ máa sún síwájú sẹ́yìn títí orí òkè àti igi tó wà nítòsí á fi bára mu bó ṣe wà nínú rẹ̀. Ẹ nu ojú kámẹ́rà, torí òróró ìka wa máa ń mú ìmọ́lẹ̀ ṣe bàìbàì. Ẹ yà á bó ṣe wà tẹ́lẹ̀, fún ẹ̀rí. Lẹ́yìn náà, ẹ kúrò lójú kan náà. Ẹ wá ohun tó wà nínú bébà yín: òjìji, ìkùukùu, ohun tó máa wà nítòsí. Ẹ san owó ìwọlé, ẹ tẹ̀ lé àwọn tó ń mú èèyàn gòkè, kí ẹ sì bèèrè kí ẹ tó ya ibi tí àwọn ará ìlú ń bọ.

Ẹni tí kò ní owó ọkọ̀ Ìdànrè kò gbọ́dọ̀ sọ pé ọ̀rọ̀ yìí kò kan òun. Odò Àlà ń ṣàn gba àárín Àkúrẹ́ kọjá. Ẹ dúró lórí afárá kan tí ẹ máa ń kọjá lójoojúmọ́, ẹ yà á nísinsìnyí, ẹ tún un yà lẹ́yìn òjò ńlá, ẹ yà á nígbà ọyẹ́. Bí omi ṣe ń pọ̀, bó ṣe ń fà, bí ìdọ̀tí ṣe ń gba etí rẹ̀, gbogbo rẹ̀ á hàn kedere. Ẹ̀yin ayafọ́tò tó ń ya ayẹyẹ ní Alágbàká ní ọjọ́ Sátidé pẹ̀lú, irinṣẹ́ tó dára jù nílùú yìí wà lọ́wọ́ yín. Ẹ yọ̀ǹda òwúrọ̀ kan fún ilẹ̀ tó bí yín.

Iṣẹ́ tí mo fẹ́ gbé lé yín lọ́wọ́ kí n tó kí yín pé ó dàbọ̀ nìyí. Lálẹ́ òní, ẹ wá fọ́tò kan jáde nínú fóònù yín, fọ́tò ibì kan ní ìpínlẹ̀ Oǹdó tí ẹ fẹ́ràn, tí kò sì tíì dára tó. Ẹ tún un ṣe débi tí agbára ẹ́díìtì mọ. Ẹ kọ ohun tó kù sílẹ̀. Kí ẹ wá mú ọjọ́ tí ẹ máa padà lọ, kí ẹ sì sọ ọ́ fún ẹnì kan nínú ilé kó lè rán yín létí.